Ìtàn Syslog, Akọ̀wé Inú Kọ̀ǹpútà

Ní ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, bí ogun bá dé, bí ọba bá wàjà, bí ìjòyè kan bá dìtẹ̀, arọ́kin ni í gba ọ̀ràn náà sórí, tí í sì í rò ó fún ìran tí ń bọ̀. Èyí tí arọ́kin bá sì fò, tàbí tí ó bá gbé gba ọ̀nà òdì, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà lẹ́nu àwọn ọmọ títí láé. Àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí ń ṣọ́ owó báńkì, tí ń ru lẹ́tà, tí ń darí ìpè orí fóònù, ní arọ́kin tiwọn. Syslog ni orúkọ rẹ̀, akọ̀wé a-kọ-má-sinmi, tí í kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹnì kan bá wọlé, bí a bá lé ẹlòmíràn padà lẹ́nu ọ̀nà, bí iṣẹ́ kan bá dá dúró láìparí. Àwọn àgbà ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ni ó wà; ọwọ́ Syslog sì ni ohun tí a ṣe pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ti í jáde. Nítorí èyí ni àbùkù rẹ̀ kò fi jọ àbùkù ètò mìíràn: bí ètò mìíràn bá ṣìṣe, inú àkọsílẹ̀ ni a ó ti rí i, ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ṣìṣe, ta ni yóò jẹ́rìí? Àwọn tí wọ́n lo ọdún púpọ̀ lórí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ ròyìn wọn, nítorí ó dùn mí pé iṣẹ́ wọn kárí ayé, orúkọ wọn kò sì kárí àdúgbò.

Ìlú Berkeley ní ìpínlẹ̀ California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí Syslog sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Eric Allman ń kọ sendmail ní yunifásítì ibẹ̀, èyí tí í ṣe ètò tí ń ru lẹ́tà láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn, ní àkókò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ní bí ó ti ń kọ àdírẹ́sì tirẹ̀. Ó ṣe Syslog mọ́ iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ètò yòókù ti rí i pé ó wúlò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ tiwọn náà wá fún un, títí ó fi di akọ̀wé gbogbo ilé. Nọ́ńbà kan ni í ṣáájú ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Oríṣun ìròyìn jẹ́ 24, a sì ń kà wọ́n láti orí 0. Ìwọ̀n ìgbóná ọ̀ràn jẹ́ 8, láti 0, tí í ṣe pé kọ̀ǹpútà kò ṣeé lò mọ́, dé 7, tí í ṣe ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí àwọn tí ń tún ètò ṣe nìkan ń fẹ́ gbọ́. A ó fi 8 sọ oríṣun di púpọ̀, a ó fi ìwọ̀n kún un, èyí tí ó ga jù lọ yóò sì jẹ́ 191. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi 191 yìí sọ́kàn.

Fún nǹkan bí ogún ọdún, kò sí òfin tí a kọ sílẹ̀ fún un. Olúkúlùkù ń wo ti aládùúgbò ṣe tirẹ̀, kí Chris Lonvick ti ilé-iṣẹ́ Cisco tó kó ìṣe wọn jọ sínú ìwé tí a ń pè ní RFC 3164, ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti là á sílẹ̀, Syslog ń kọ oṣù, ọjọ́ àti wákàtí, kò kọ ọdún, kò sì sọ wákàtí ilẹ̀ wo ni. Ọ̀nà tí a ń pè ní UDP, lẹ́nu ọ̀nà 514, ni ó ń gbà ránṣẹ́, ọ̀nà tí ẹni tí ó rán iṣẹ́ kì í dúró gbọ́ bóyá ó dé. Bí iṣẹ́ bá sọnù, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohun kan sọnù rárá, ẹnikẹ́ni sì lè fi orúkọ ẹlòmíràn ránṣẹ́. Ṣáájú ìwé yìí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, àjọ CERT tí ń kìlọ̀ lórí ààbò kọ̀ǹpútà ti kéde pé apá Syslog tí àwọn ètò ń lò láti fi gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ kì í wọn ọ̀rọ̀ náà wò kí ó tó dà á sínú àyè tí ó ní. Ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù lè kún àkúnwọ́sílẹ̀, kí olè sì gba ibẹ̀ di ọ̀gá ilé. Sendmail gan-an, tí a tìtorí rẹ̀ dá Syslog, wà lára ohun tí wọ́n ń gbà wọlé.

Ní ọdún 1998, Balázs Scheidler, ọmọ ilẹ̀ Hungary, bẹ̀rẹ̀ syslog-ng, tí í wo inú ọ̀rọ̀ kí ó tó pín ìròyìn, tí ó sì lè gba ọ̀nà TCP, níbi tí ẹ̀rọ tí ó gba ẹrù ti í dáhùn pé ó dé. Ní ọdún 2004, Rainer Gerhards, ará Jámánì, mú sysklogd tí àwọn tí ń lo Linux mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní rsyslog. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni èyí tí Gerhards kọ ní ọdún 2008. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé TCP ti yanjú ọ̀ràn ìròyìn tí ń sọnù. Òun fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí ń ránṣẹ́ a máa kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, akọ̀wé a sì rò pé ó ti lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀nà bá já lójijì, gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ yóò ṣègbé láìsí ẹni tí ó mọ iye rẹ̀. Òun ni ó dá ìlànà RELP sílẹ̀, nínú èyí tí akọ̀wé tí ó gba ìròyìn gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́, kí ẹni tí ó rán an tó pa tirẹ̀ rẹ́.

Òun náà ni ó kọ RFC 5424, tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2009, tí ó fi ọdún àti ìyàtọ̀ wákàtí ilẹ̀ kún àkọsílẹ̀, tí ó sì fàyè gba UTF-8, ìlànà tí ó gba lẹ́tà gbogbo èdè. Kí a má fojú kéré èyí: nípasẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ kan ní Ìbàdàn lè kọ orúkọ Ṣẹ́gun pẹ̀lú àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀rọ tí ó wà ní London sì gbà á bẹ́ẹ̀ láìyí i padà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, Lennart Poettering àti Kay Sievers dábàá journal, tí í kó àkọsílẹ̀ sínú fáìlì tí ẹ̀rọ nìkan lè kà, kí ó lè yá láti wá nǹkan nínú rẹ̀, kí ó sì ṣòro fún olè láti yí i padà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wí, nítorí bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, ojú lásán kò lè ka ohun tí ó kù. Èmi náà wà lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni ọ̀ràn 191 dé. Rsyslog àti sysklogd ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò fi nọ́ńbà tí ó ju 191 ránṣẹ́, níwọ̀n bí ìwé kò ti fàyè gbà á. Bí ẹnì kan bá sì fi í ránṣẹ́, ètò náà á nawọ́ kọjá òpin àtẹ tí ó ní, á sì lè ṣubú lulẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀dà 7.6.6 àti 8.4.1 ti rsyslog jáde láti dí ihò náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni a rí i pé bí nọ́ńbà náà bá tóbi rékọjá ohun tí àyè òǹkà kọ̀ǹpútà lè gbà, yóò yí padà, yóò sì yọ́ gba abẹ́ àtúnṣe kọjá. Ẹ̀dà 7.6.7 àti 8.4.2 sì tẹ̀lé e kíákíá. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi èyí bú wọn. Èmi yìn wọ́n, nítorí gbangba ni wọ́n ti sọ pé àtúnṣe àkọ́kọ́ kò tó.

Títí di òní, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń fi ìlànà àtijọ́ ránṣẹ́, láìkọ ọdún. Nítorí náà ni àwọn tí ń kọ syslog-ng ṣe ní láti kọ ọ́ sínú ètò wọn pé, bí ìròyìn bá ń sọ oṣù kejìlá nígbà tí kàlẹ́ńdà ti wọ oṣù kìn-ín-ní, ọdún tí ó kọjá ni kí a kà á sí.