Chancenkarte: Ohun tó yẹ kí ọ̀dọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mọ̀ kó tó béèrè físà ọdún kan láti wá iṣẹ́ ní Jámánì

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni orílẹ̀-èdè Jámánì ti ń fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ láti òkè òkun ní ìwé ìgbélùú kan tí wọ́n ń pè ní Chancenkarte. Káàdì àǹfààní ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rí i gbà lè wọ Jámánì láìsí lẹ́tà iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, kó lo tó ọdún kan níbẹ̀, kó sì máa fi àsìkò náà wá iṣẹ́ tó bá ohun tó kọ́ mu. Fún ọ̀dọ́ tó ti fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ síbí, ránṣẹ́ sọ́hùn-ún, tí kò rí èsì, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ ló fẹ́ fojú rí èèyàn kó tó gbà á síṣẹ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tètè là á mọ́lẹ̀: físà ìwáṣẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ mú mílíọ̀nù mélòó kan wá, pé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè yín lórí Chancenkarte, irọ́ ló ń pa. Tí iṣẹ́ bá ti wà nílẹ̀ lóòótọ́, físà iṣẹ́ gan-an lẹ máa béèrè, ẹ ò ní nílò èyí rárá.

Ta ló lè béèrè rẹ̀?

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà kìíní ni ti ẹni tí Jámánì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pátápátá, pé ó bá tiwọn dọ́gba. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò nílò kó máa ka máàkì, wọn ò sì ní fi èdè dí i lọ́nà. Kó ṣáà ti ní owó tó máa ná àti àwọn ìwé yòókù.

Ọ̀nà kejì ni ti máàkì. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní dígírì, tàbí kó kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán, kí ìjọba orílẹ̀-èdè tó ti kọ́ ọ sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà. Ó tún gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Jámánì dé ìpele A1, ìyẹn ìpele ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ìpele B2. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá kó máàkì jọ kó tó pé mẹ́fà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ọ̀nà kìíní lẹ wà? Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ anabin. Ibẹ̀ ni àwọn ará Jámánì to orúkọ àwọn yunifásítì àgbáyé sí, títí kan ti Nàìjíríà. Ẹ wá ilé ẹ̀kọ́ yín níbẹ̀. Tí ẹ bá rí H+ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n gbà á. Tó bá jẹ́ H-, wọn ò gbà á. Tó bá jẹ́ H+/-, wọ́n máa yẹ tiyín wò lọ́tọ̀ ni. Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ẹ tún wo dígírì náà fúnra rẹ̀, bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ó bá tiwọn dọ́gba, torí ilé ẹ̀kọ́ lè dáa kí dígírì má sí lákọsílẹ̀. Tí méjèèjì bá dáa, ẹ tẹ ojú ewé méjèèjì jáde sórí bébà, ìwé ẹ̀rí yín nìyẹn.

Tí ẹ ò bá rí dígírì yín níbẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba kan nílùú Bonn tó ń jẹ́ ZAB kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Yúrò 208 ni wọ́n ń gbà fún un. Àwọn tí wọ́n kàwé ní póli, ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ṣe àyẹ̀wò yìí dáadáa. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ní HND àti dígírì ò yàtọ̀ síra, ẹ má sì gba tẹni tó ní HND ò wúlò níbẹ̀. Ẹ lọ fojú ara yín wò ó. Ìmọ̀ràn wa ni pé kẹ́ ẹ ti béèrè transcript yín kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù oṣù tó pọ̀ jù, kì í sì í ṣe lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, lọ́wọ́ àwọn ọ́fíìsì tiwa níbí ni.

Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì

Ọjọ́ orí: ẹni tí kò tíì ju 35 lọ ní máàkì méjì, ẹni tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ àmọ́ tí kò tíì ju 40 lọ ní ẹyọ kan. Ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́: ọdún méjì láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá jẹ́ máàkì méjì, ọdún márùn-ún láàárín ọdún méje tó kọjá jẹ́ mẹ́ta. Èdè Jámánì: A2 jẹ́ ẹyọ kan, B1 jẹ́ méjì, B2 jẹ́ mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì tó dé ìpele C1 jẹ́ ẹyọ kan lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́ wà lára èyí tí Jámánì ò ní èèyàn tó fún, bíi ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ní máàkì kan. Ẹni tó ti gbé Jámánì fún oṣù mẹ́fà láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá ní ẹyọ kan, àmọ́ ìrìn àjò ìgbafẹ́ ò sí lára rẹ̀. Tọkọtaya tó ń béèrè pa pọ̀, tí àwọn méjèèjì sì kúnjú òṣùwọ̀n, ọ̀kan nínú wọn máa rí máàkì kan sí i. Èyí tó tóbi jù ni mẹ́rin, ti ẹni tí wọ́n yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò tí wọ́n sì gba apá kan nínú rẹ̀.

Ká sọ pé ọmọbìnrin kan wà nílùú Ìbàdàn, ọmọ ọdún 29, tó kàwé nípa ìṣirò owó, tó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tó sì gba C1 nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ orí fún un ní méjì, iṣẹ́ fún un ní méjì, Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ẹyọ kan. Máàrùn-ún rèé. Máàkì kan péré ló kù, máàkì kan yẹn ló sì máa dí i lọ́nà. Kí ló lè ṣe? Kó kọ́ èdè Jámánì dé A2. Oṣù mélòó kan ló máa gbà á tó bá fojú sí i, ó sì dínwó gan-an ju ohun tí ẹ́jẹ́ǹtì máa béèrè lọ. Goethe-Institut ní Èkó ń kọ́ni, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò tí ọ́fíìsì físà ń gbà.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má gbára lé pé òun la fi kàwé. Èsì ìdánwò táwọn èèyàn mọ̀, bíi IELTS tàbí TOEFL, ni kì í jẹ́ kí iyàn wà nílẹ̀. Ní ti iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe, kí lẹ́tà ọ̀gá yín wà lórí bébà iléeṣẹ́, kó sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ parí àti ohun tẹ́ ẹ ń ṣe gan-an. Lẹ́tà tó kàn sọ pé ọmọlúàbí ni yín ò ran máàkì lọ́wọ́.

Owó, ibi tí wàhálà wà

Ìjọba Jámánì fẹ́ rí i pé ẹ lè bọ́ ara yín fún gbogbo àsìkò tẹ́ ẹ máa lò. Lọ́dún 2025, yúrò 1,091 lóṣù ni wọ́n kà á sí. Tẹ́ ẹ bá fi oṣù méjìlá ṣe é, yúrò 13,092 nìyẹn. Tí yúrò kan bá jẹ́ náírà 1,700, owó náà ju mílíọ̀nù méjìlélógún náírà lọ. Iye yìí lè yí padà bí ọdún bá yí, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́.

Inú àkáǹtì kan tí wọ́n máa ń tì pa ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó o sí. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Fintiba àti Expatrio máa ń ṣí i fún èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò lè fọwọ́ kan owó náà títí tẹ́ ẹ fi máa dé Jámánì, lẹ́yìn náà wọ́n á máa san díẹ̀díẹ̀ fún yín lóṣooṣù. Ẹ gbọ́ o, owó yín ni. Kì í ṣe owó físà, kì í ṣe ti ìjọba. Tí wọn ò bá fún yín ní físà, wọ́n máa dá a padà, àyàfi owó iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ náà gbà. Nítorí náà, kò sídìí tí ẹ ó fi san án sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe tiyín.

Àwọn kan wà tó ń yáni lówó yìí pẹ̀lú èlé, kó lè ṣáà hàn nínú àkáǹtì. Tẹ́ ẹ bá bi wá, a ò fara mọ́ ọn. Wọ́n pín owó náà sí oṣù méjìlá, onígbèsè yín sì fẹ́ gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó ti dé ìlú olótùútù tán, 1,091 tó yẹ kẹ́ ẹ fi san owó ilé kẹ́ ẹ sì fi jẹun, ẹ ó máa fi ránṣẹ́ sílé fún ẹni tó yá yín. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ gidi lè má tíì jáde.

Ọ̀nà méjì mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ìkíní, ẹni tó ń gbé Jámánì lè lọ bá ìjọba ìlú rẹ̀, kó fọwọ́ sí ìwé pé òun máa ru ẹrù yín. Verpflichtungserklärung ni wọ́n ń pe ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni o, torí ìjọba lè gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ìkejì, Chancenkarte gbà yín láyè láti ṣe iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀, irú iṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti gba àdéhùn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ibí, owó rẹ̀ lè wà lára ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn.

Bí ẹ ṣe máa fi ìwé ránṣẹ́

Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 ni wọ́n ti ṣí ojúlé kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún irú físà yìí, Consular Services Portal lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ máa kó àwọn ìwé yín sí kí wọ́n lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pè yín kẹ́ ẹ wá fúnra yín, kẹ́ ẹ mú ojúlówó ìwé dání, kẹ́ ẹ sì tẹ ìka. Ọ́fíìsì wọn tó wà ní Victoria Island, l'Ékòó, ni àwọn ará ìwọ̀ oòrùn gúúsù ń lò. Yúrò 75 ni owó físà. Ọjọ́ ìpàdé, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ta ọjọ́ ìpàdé fún yín, ohun tí kì í tà ló tà.

Ẹ máa nílò ìwé ìrìnnà (láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni ti ọdún márùn-ún nílé wa níbí, ₦200,000 ni ti ọdún mẹ́wàá), fọ́tò, ìwé ẹ̀rí iléèwé àti ti iṣẹ́, èsì ìdánwò èdè, ẹ̀rí owó, ìwé adójútòfò ìlera, ìwé tó sọ ìtàn iṣẹ́ yín, àti lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Lẹ́tà yẹn ni ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ dárúkọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wá, ìlú tẹ́ ẹ máa wá a dé, àti àwọn iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ ti kọ̀wé sí. Ẹ má lọ da ti ẹlòmíì kọ, ojú wọn ti rí i tó.

Ìwé ayédèrú ńkọ́? Wọ́n ń yẹ ìwé wò délé ẹ̀kọ́ tó ti jáde. Ẹni tí wọ́n bá mú, kì í ṣe físà yìí nìkan ló pàdánù, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ níwájú wọn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, dókítà àti tíṣà, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Iṣẹ́ yín wà lára èyí tí wọn ò gbà kéèyàn ṣe ní Jámánì láìkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ wọn. Chancenkarte ò pa òfin yẹn rẹ́. Físà mìíràn wà tó jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ lọ parí ìgbàwọlé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ níbẹ̀, ó sì sábà máa ń bá yín mu ju èyí lọ.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀, ẹ lè lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan, kí wọ́n wò yín, kẹ́yin náà wò wọ́n. Iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ nílé oúnjẹ ò burú, kò sẹ́ni tí kì í bẹ̀rẹ̀ níbì kan, àmọ́ ọjọ́ ń lọ. Nígbà tí ọdún bá pé, iṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ yín mu ni wọ́n máa béèrè. Tẹ́ ẹ bá rí i, ọ́fíìsì àwọn àjèjì nílùú tẹ́ ẹ wà ló máa yí ìwé yín padà sí ti iṣẹ́, ẹ ò ní padà sílé kẹ́ ẹ tó ṣe é. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé iṣẹ́ gidi wà àmọ́ ẹ ò tíì kúnjú òṣùwọ̀n fún físà iṣẹ́, wọ́n lè fi ọdún méjì sí i fún yín. Tí kò bá sí iṣẹ́ rárá, ilé ló kù.

Tí wọn ò bá fún yín ní físà ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ padà sí ọ́fíìsì físà láìsan kọ́bọ̀, kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti fòpin sí ìyẹn káàkiri àgbáyé. Ohun méjì ló kù báyìí: kẹ́ ẹ tún ìwé yín ṣe kẹ́ ẹ sì béèrè lákọ̀tun pẹ̀lú owó tuntun, tàbí kẹ́ ẹ gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ nílùú Berlin láàárín oṣù kan tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ dé ọwọ́ yín. Èdè Jámánì ni wọ́n fi ń ṣe ẹjọ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé kan ló kù díẹ̀ káàtó, títún béèrè ló máa ń yá jù. Kẹ́ ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ sínú ìwé náà dáadáa, ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ tó padà lọ.