Ìrìn Èérún Nínú Ohun Líle, Olómi àti Gáàsì: Ìtàn Ìmọ̀ náà àti Ìkọ́ni Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Ní òwúrọ̀ ìgbà ọyẹ́ ní Ọ̀rà, ìlú Ìgbómìnà tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àdí inú ìgò a máa dì. Bí oòrùn bá mú, a tún yọ́, a sì máa ṣàn. Ẹnikẹ́ni kò bù kún un, ẹnikẹ́ni kò sì bù kúrò nínú rẹ̀. Kí ló wá yí padà? Ìdáhùn sáyẹ́ǹsì ni pé ìrìn àwọn èérún tí ojú lásán kò lè rí ló yí padà. Àròkọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí ìdáhùn náà ṣe fìdí múlẹ̀ àti bí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe wọ kíláàsì Yorùbá. Kókó rẹ̀ ni pé ohun tí ojú rí ló gbe ìmọ̀ yìí lẹ́sẹ̀, nítorí náà ó ṣeé fi èdè tí ọmọ gbọ́ kọ́ ọ.

Ohun tí Ìmọ̀ náà Sọ

Nínú ohun líle, àwọn èérún há mọ́ ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n lójú kan láìkúrò ní ipò rẹ̀. Nínú ohun olómi, wọ́n ṣì súnmọ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí omi fi ń gba ìrísí igbá tí a bù ú sí. Nínú gáàsì, wọ́n jìnnà síra, wọ́n ń sáré káàkiri, wọ́n sì ń kọlu ara wọn. Ìdí nìyí tí òórùn irú fi ń ti orí iná dé ẹ̀yìnkùlé, kódà bí atẹ́gùn kò bá fẹ́ rárá. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìrìn wọn ń yá sí i.

Bí Ìmọ̀ náà Ṣe Fìdí Múlẹ̀

Ní ọdún 1738, Daniel Bernoulli ṣàlàyé pé ìkọlù àwọn èérún tó ń sáré ló fa agbára tí gáàsì fi ń ti ògiri ohun tó gbà á. Àwọn tó tẹ̀lé e nígbà náà kò pọ̀. Ní ọdún 1827, Robert Brown, onímọ̀ nípa ewéko tó jẹ́ ọmọ Skọ́tílàndì, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo èérún inú ìyẹ̀fun òdòdó nínú omi. Ó rí i pé wọ́n ń jà rànyìn láìdúró. Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá ẹ̀mí ló wà nínú wọn. Láti mọ òótọ́, ó lọ gíláàsì àti òkúta kúnná, ó dà wọ́n sínú omi, àwọn náà sì ń jà rànyìn bákan náà. Òkúta kò lẹ́mìí. Kì í ṣe ẹ̀mí ló ń fa ìrìn náà nìyẹn.

Ọdún 1905 ni Albert Einstein fi ìṣirò hàn pé èérún omi tí ojú kò rí ló ń gbá àwọn èyí tí ojú rí kiri. Láti ọdún 1908, Jean Perrin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wọn ìrìn náà, ó sì bá ìṣirò Einstein mu. Wilhelm Ostwald, gbajúmọ̀ onímọ̀ kẹ́místrì ọmọ Jámánì, tó ti ń ṣe iyèméjì tẹ́lẹ̀, gbà níkẹyìn. Perrin gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1926.

Bí Sáyẹ́ǹsì Ṣe Wọ Kíláàsì Yorùbá

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfunwá ló ṣe aṣáájú, àjọ Ford Foundation sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ìsọ̀rí kan ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ àwùjọ, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Ìsọ̀rí kejì bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àbájáde fi hàn pé àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Iṣẹ́ náà kò parí síbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ fẹ́ àyẹ̀wò. Bí a bá pe gáàsì ní 'afẹ́fẹ́' lásán, ọmọ lè rò pé ohun tó ń fẹ́ lára òun nìkan ni a ń wí. Bí a bá ní èérún ń 'rìn', ó lè rò pé kòkòrò ni wọ́n. Òkúta Brown ni olùkọ́ yóò fi dá a lóhùn. Bákan náà, àdí ló yọ́, èérún àdí kò yọ́. Ọmọ Ọ̀rà tó ń sọ Ìgbómìnà nílé sì tún ní láti mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò tó wà nínú ìwé.

Ìgúnlẹ̀

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà. Ohun tí Ifẹ̀ fi hàn kò tipa bẹ́ẹ̀ di irọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ṣètò àti olùkọ́ tí a múra sílẹ̀ ló mú un yọrí. Ìlànà lórí ìwé nìkan kò lè ṣe é. Iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni ni láti tọ́ olùkọ́ tó lè sọ ìdí tí òkúta tí kò lẹ́mìí fi ń jà rànyìn nínú omi, kí ọmọ sì gbọ́ ọ yé. Ẹ̀kọ́ tí kò yé ọmọ, àkọ́sórí lásán ni.