Àárò Géèmù Àtijọ́: Ohun tí a bá ní là ń náání

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí lè jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn kan. Ọ̀rọ̀ géèmù ni, pàápàá àwọn géèmù orí ẹ̀rọ tí ó gbòde kan láàárín ọdún 1990 sí 1999. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di bàbá ọmọ, wọ́n ti di ìyá ọmọ. Síbẹ̀, àárò àwọn géèmù náà ń sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ń wá ẹ̀rọ àtijọ́ kiri, owó gọbọi ni wọ́n sì ń san lé e lórí. Ìbéèrè wa ni èyí: kí ni àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí sọ nù tí wọ́n ń wá? Ǹjẹ́ àárò nìkan sì tó láti gba ohun tí ó ń ṣègbé là?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà wo ẹ̀yìn. Dípò kí a máa to orúkọ géèmù lọ bẹẹrẹbẹ, ẹyọ kan ni a ó mú, tí a ó sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni Pokémon, tí ó jáde ní ilẹ̀ Jàpáánù ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1996.

Satoshi Tajiri ni ọkùnrin tí ó ronú kan géèmù yìí. Wọ́n bí i ní ọdún 1965, ó sì dàgbà ní Machida, ìlú kan ní agbègbè Tokyo. Nígbà èwe rẹ̀, igbó àti oko ṣì wà nítòsí ibẹ̀, kò sì sí ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn tó kí ó máa mú kòkòrò kiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ ní Dókítà Kòkòrò. Ṣùgbọ́n bí ìlú ti ń fẹ̀ sí i, wọ́n gé igi, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n da ọ̀dà sí títì, kòkòrò sì di àwátì. Nígbà tí Tajiri di àgbà, ó rí i pé àwọn ọmọ ìgboro kò lè mọ adùn tí òun mọ̀ mọ́. Adùn yìí ni ó fẹ́ dá padà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: géèmù tí àárò rẹ̀ ń sọ àwọn ènìyàn lónìí, àárò ni ó bí òun pàápàá.

Ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ Nintendo ti gbé ẹ̀rọ àfọwọ́gbé kan jáde tí wọ́n ń pè ní Game Boy. Gunpei Yokoi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe é. Ẹ̀rọ náà kò fi ẹwà yangàn: ojú rẹ̀ rí bí ewé tí ó ṣá, kò sí àwọ̀ aláràbarà níbẹ̀. Àwọn abánidíje rẹ̀ ní àwọ̀ mèremère, ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́fà ni wọ́n ń jẹ tán láàárín wákàtí díẹ̀. Mẹ́rin ni Game Boy ń lò, ó sì ń pẹ́ lórí wọn. Bí a bá ka àbúrò rẹ̀ tí ó ní àwọ̀ mọ́ ọn, ó lé ní mílíọ̀nù 118 tí wọ́n tà.

Okùn kan wà tí a fi ń so Game Boy méjì pọ̀. Nígbà tí Tajiri rí okùn yìí, ohun tí ó wá sí i lọ́kàn ni kòkòrò tí ń rìn lórí okùn láti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú èkejì. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Game Freak fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbé e gbà jáde, pupa àti aláwọ̀ ewé. Ẹ̀dá tí a ó mú nínú rẹ̀ tó 150, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí gbogbo wọn pé sí nínú méjèèjì. Ẹni tí ó ra pupa, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá tó, kò lè kó wọn pé àfi bí ó bá wá ẹni tí ó ra aláwọ̀ ewé, kí wọ́n jókòó ti ara wọn, kí wọ́n so okùn, kí wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀. Orí àjọṣe ni a kọ́ géèmù náà lé. Nítorí náà, nígbà tí àgbàlagbà kan bá ní àárò rẹ̀ ń sọ òun, kì í ṣe àwòrán inú rẹ̀ nìkan ni ó ń wá. Ọ̀rẹ́ tí ó wà ní ìkángun okùn kejì ni ó ń wá.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa láti lóye. Ayò kì í dùn láìsí ọ̀ta, láìsí òpè, láìsí àwọn òǹwòran tí ń dá sí ohun tí kò kàn wọ́n. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ fọwọ́ kàn ní àwọn ọdún náà ni Brick Game. Wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé géèmù 9999 ni ó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ni, tí wọ́n kàn ń yí padà. Àfarawé Tetris ni olórí wọn, èyí tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ní ọdún 1984. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà ní agboolé wa, àwa ọmọ mẹ́jọ ni a sì ń dù ú. Ẹni tí ó bá kú ni yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Mo ti gbàgbé iye àmì tí mo gbà, ṣùgbọ́n mo rántí orúkọ ẹni tí ó jókòó tì mí.

Wàyí o, ewu ń bẹ lóko. Inú páálí oníke kékeré ni géèmù Pokémon wà. Ètò géèmù náà fúnra rẹ̀ kò tètè kú, ṣùgbọ́n bátìrì pẹlẹbẹ kan bí owó ẹyọ ni ó ń di ìrántí ẹni tí ń ta á mú: orúkọ tí ó fún àwọn ẹ̀dá rẹ̀, ibi tí ó dé, ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Bí bátìrì bá kú, gbogbo rẹ̀ pa rẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àgbà ń ṣí àpótí, ó ń tan ẹ̀rọ, ó sì ń bá òfìfo pàdé.

Àwọn oníṣòwò kò ṣàì mọ̀ pé àárò ń mú owó wá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2016, tí Pokémon pé ogún ọdún, Nintendo tún àwọn géèmù àkọ́kọ́ náà tà lórí ẹ̀rọ 3DS. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọjà orí ẹ̀rọ náà. Ẹni tí kò tíì rà á kò lè rà á níbẹ̀ mọ́. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, àjọ Video Game History Foundation gbé ìwádìí jáde: nínú 100 géèmù tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010, 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Àwọn ilé-ìkàwé bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí olùwádìí lè lo irú géèmù bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ kọ̀ fún wọn.

A kò sọ pé kí a fi ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ dù ú. Pajitnov tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi rí owó jẹ lórí Tetris, nítorí pé ọwọ́ ìjọba Soviet ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà. Ọdún 1996 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò dára. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a dáàbò bo oníṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí a ti iṣẹ́ mọ́lé títí yóò fi jẹrà. Ẹ wo Doom, tí ilé-iṣẹ́ id Software gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1993. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti jẹ èrè rẹ̀, wọ́n fi ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́ lé gbogbo ayé lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ti ń mú un ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí kò tíì sí láyé nígbà tí wọ́n ṣe é. Ohun tí a pín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tètè parun.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, èyí kò ṣe àjèjì sí wa. Àwa tí a mọ ohun tí a ń pàdánù nígbà tí arókin bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí bátìrì kékeré náà dúró fún. Ohun tí a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Bí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè eré tí wọ́n ṣe, ìbáà ṣe ayò, ìbáà ṣe Brick Game. Ẹ kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ẹ̀fẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe é. Tajiri kò rí igbó Machida dá padà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí adùn rẹ̀ bá igbó lọ. Àárò tí kò bá sún ni ṣiṣẹ́, omijé lásán ni.