Ìsọdaṣálẹ̀: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan

Olùkọ́ wa ní kí a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún bí ilẹ̀ tó lọ́ràá ṣe ń di ilẹ̀ tí kò lè hu nǹkan mọ́. "Ìsọdaṣálẹ̀" ni mo kọ. Nígbà tí mo délé, mo kà á fún bàbá mi àgbà, tí wọ́n ń gbẹ́ ìlù ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun níbí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Òkè Ọya nìyẹn, pé odò Erinlẹ̀ ṣì ń ṣàn lọ́dọ̀ tiwa.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, títí mo fi ka ìtàn ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Faransé kan, André Aubréville, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìtọ́jú igbó ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfíríkà, ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká nínú ìwé tó kọ ní 1949. (Louis Lavauden ti lò ó ní 1927, àmọ́ ta ló gbọ́?) Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé igbó ni Aubréville ń sọ. Ó ní àwọn ènìyàn ń gé igbó, wọ́n ń dáná sun ún, wọ́n ń dá oko lé e láì jẹ́ kó sinmi. Igbó á di ọ̀dàn, àgbàrá á sì máa wọ́ ojú ilẹ̀ lọ. Ó ní òun ń fojú rí i níbi tí òjò ọdún kan ti tó 700 sí 1,500 mìlímítà. Òjò tiwa wà láàárín ìyẹn!

Báwo ló ṣe wá di ọ̀rọ̀ Òkè Ọya? Ọ̀dá tó mú ní Sàhẹ́lì láti 1968 sí 1973 pa ènìyàn àti ẹran. Nítorí rẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi pe ìpàdé sí Nairobi ní 1977. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Paris ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, 1994, dárúkọ ọwọ́ ènìyàn mọ́ ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìtumọ̀ náà mọ sí ilẹ̀ gbígbẹ àti èyí tó sún mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni igbó ṣe jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé jáde.

Mo padà lọ sọ fún bàbá. Mo bi wọ́n níbo ni wọ́n ti ń rí igi òmọ̀ àti apá tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ ni àwọn fi ń rìn kọjá Ìlobùú lọ gé e, oòrùn kò sì ní tíì mú kí àwọn tó padà. Nísinsìnyí, ọkọ̀ ni àwọn ń háyà, nígbà mìíràn wọ́n á sì padà lọ́wọ́ òfo. Igbó Ọ̀ṣun tó wà l'Óṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ṣì ṣú dùdù. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé àáké wọ ibẹ̀?

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ìwé mi wá, kí n pa "aṣálẹ̀" rẹ́, kí n kọ "igbó di ọ̀dàn" síbẹ̀.