Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Iṣẹ́ Alágbàtà ní Ọ̀tà

Àwọn àgbà a máa wí pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo òótọ́ tán nípa ẹni tí ó ń bá wí. Alágbàtà kò fún epo, bẹ́ẹ̀ ni kò hun aṣọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó ní, ó sì mọ ẹni tí ó ń wá. Ìmọ̀ yìí gan-an ni ọjà tirẹ̀. Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, jẹ́ ibi tí a ti lè rí bí iṣẹ́ yìí ti ń pa àwọ̀ dà láti ayé ìkòkò epo títí dé ayé íntánẹ́ẹ̀tì, àti ohun tí ń mú alágbàtà kan dúró nígbà tí èkejì bá ṣubú.

Ọ̀nà ni ó sọ Ọ̀tà di ìlú tí a ń torí rẹ̀ jagun. Lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830, wọ́n ń wá ọ̀nà dé etí òkun, níbi tí ìbọn, iyọ̀ àti aṣọ òyìnbó ti ń wọlé. Ní ọdún 1842, ní ayé Ṣódẹkẹ́, wọ́n ṣẹ́gun Ọ̀tà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, tí òwò ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, epo pupa àti èkùrọ́ ni ó gba iwájú. Òyìnbó tí ó jókòó sí Èkó kò mọ ọ̀nà oko, àgbẹ̀ kò sì mọ ọ̀nà ilé òyìnbó. Ẹni tí ó mọ méjèèjì ni ó ń jẹ èrè àárín.

Kò sí ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú irú òwò bẹ́ẹ̀ tó Ẹfúnróyè Tinúubú. Nígbà tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, Abẹ́òkúta ni ó kó òwò rẹ̀ lọ. Ó tún là níbẹ̀, ó sì di Ìyálóde ìlú náà kí ó tó kú ní 1887. Ìlú kan ni ó pàdánù. Kò pàdánù òye òwò rẹ̀, kò sì pàdánù àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀ lé e wọ inú ilẹ̀, wọ́n sì ń fi àwọn aṣojú ra kòkó àti èkùrọ́. Ní 1947 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso títà kòkó sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìjọba ni ó ń dá iye owó kòkó. Àwọn aṣojú tí ó ní ìwé-àṣẹ ni ó ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ wọn lórí ìwọ̀n tí wọ́n bá kó wọlé. Irú ètò yìí wà títí di ọdún 1986, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tú àwọn ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká. Ní ọjọ́ kan, ìwé-àṣẹ di ìwé lásán. Ohun tí ó kù fún aṣojú ni orúkọ tí ó ní lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀: ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ péye, orúkọ rẹ̀ ń bẹ, ẹni tí ó fi ìwé-àṣẹ nìkan ṣe agbára, agbára ti tán.

Láàárín àkókò yìí, Ọ̀tà ń di ìlú ilé-iṣẹ́ ńlá. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé-iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní Ọ̀tà àti Sàngó, èrò sì ń wọ́ wá láti Èkó. Nígbà tí tẹlifóònù alágbèéká dé ní ọdún 2001, àwọn tí ń ta káàdì lábẹ́ agbòòrùn di alágbàtà tuntun, tí ń jẹ èrè kékeré lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra owó ìpè láti inú fóònù wọn, èrè káàdì dín kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹtajà yìí sì yí sí iṣẹ́ POS, wọ́n ń fún ènìyàn ní owó, wọ́n ń gba owó iṣẹ́ wọn.

Àgbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 1996, Amazon ní Amẹ́ríkà ṣètò pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fi líǹkì ìwé kan sí ojú-ewé rẹ̀, tí oníbàárà sì gba ibẹ̀ rà á, yóò gba kọ́míṣọ̀n. Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2012. Jumia ní àwọn aṣojú tí a ń pè ní J-Force, tí ń bá aládùúgbò tí kò mọ̀ ọ́n rà lórí ẹ̀rọ ra ọjà, tí wọ́n sì ń gba kọ́míṣọ̀n tiwọn. Ẹ̀rọ ni ó yí padà. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí aládùúgbò ní sí ẹni tí ó mọ̀ kò yí padà.

Ewu inú rẹ̀ kò yí padà pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, Amazon gé kọ́míṣọ̀n orí ohun èlò ilé láti ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 3, ó sì gé ti oúnjẹ láti 5 sí 1. Kò bi alágbàtà kankan léèrè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, ìjọba Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà sí ọwọ́ ọjà. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 470 náírà kọjá 1,500 ní ọdún 2024. Ẹni tí a ń san dọ́là fún rí i bí ìbùkún. Ẹni tí ń gba náírà rí i pé iye kan náà kò ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ewu kan tún wà tí ó burú ju gígé kọ́míṣọ̀n lọ. Nígbà tí MMM dá owó àwọn ènìyàn dúró ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà rí i pé kò sí ọjà kankan lẹ́yìn èrè tí a ṣèlérí. Owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni a fi ń san fún ẹni tí ó ti wọlé ṣáájú. Ìbéèrè tí alágbàtà ayé àtijọ́ ìbá kọ́kọ́ béèrè ni pé: ọjà náà dà? Bí kò bá sí ọjà, kò sí àgbàtà. Bí ẹnìkan bá sì ní kí a san owó kí a tó di alágbàtà, ó yẹ kí a wo ọwọ́ rẹ̀ dáradára.

Ìtàn yìí fi hàn pé kì í ṣe ọ̀pọ̀ owó ni ó ń mú alágbàtà la ìgbà líle kọjá. Ẹni tí ó gbára lé ìlú kan, ìwé-àṣẹ kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ń jẹun láti inú àwo tí ọwọ́ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ní oníbàárà tirẹ̀, tí ó ń ta ọjà ẹni púpọ̀, tí kò sì fi irọ́ yin ọjà tí kò dára, ni ó ń rí ibi yà sí nígbà tí ọ̀nà bá dí. Kí ọ̀dọ́ Sàngó tí ń fi fóònù tajà fún ẹni tí kò rí rí má ṣe gbàgbé ohun tí àwọn tí ó ń ru epo kọjá ní ìlú rẹ̀ ti mọ̀ ṣáájú: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.