Ọrùn Kẹ̀kẹ́ Kì Í Ṣe Ohun Àmójúkúrò

Bí a bá ń sọ ìtàn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni a máa ń kà. A ó ní Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ láàárín ọdún 1950 sí 1960. A ó ní a dá Dunlop sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1961, Guinness sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ló ń gbé òṣìṣẹ́ dé ẹnu géètì kí fèrè tó dún? Àwọn kan fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn kan wọ bọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn sì gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹni tó mú kí kẹ̀kẹ́ yẹn ṣeé gùn ni ìtàn gbàgbé. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni mò ń wí.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1885 ni Starley ṣe Rover ní ìlú Coventry, tí ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní 1887, Raleigh bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham. Ní 1888, John Boyd Dunlop gba ìwé àṣẹ ní Belfast lórí táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, èyí tó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọmọ kẹ̀kẹ́ ni táyà mọ́tò tí wọ́n ń ṣe ní Ìkẹjà títí di 2008!

Agége ti lajú ṣáájú ilé iṣẹ́. Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó ní 1896, tó sì dé Ìbàdàn kí 1901 tó parí, Agége ló gbà kọjá. Kòkó àti obì Agége lókìkí, kẹ̀kẹ́ sì wúlò fún ẹni tó ní ẹrù láti gbé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ dé, kẹ̀kẹ́ tó ń ru agbọ̀n náà ló wá ń ru òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ tó ti inú ọkọ̀ òkun bọ́ sílẹ̀ kò mọ gígùn ẹni tí yóò gùn ún. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá lọ sílẹ̀ jù, ẹni tó gùn ún láti Ìpájà dé Ìkẹjà á dé ìdí ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Raleigh àtijọ́ kì í lo wáyà fún bíréèkì, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń lò. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti de ọ̀pá yìí ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe á kọ́kọ́ tú. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá ti ń fa ọwọ́ sókè ni bíréèkì á máa di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú. Á wá tú bóótì gígùn tí orí rẹ̀ yọ láàárín ọwọ́, á yí i bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ní tú u tán. Á gbé pákó lé e, á fi òòlù kàn án, gbà! Irin tó há sínú á bọ́. Á fi orúnkún di táyà iwájú mú, á máa yí ọwọ́ náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, bí íǹṣì méjì àbọ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sínú ọrùn. Ẹni tó bá fà á kọjá bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ni yóò ku òun àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nìkan lójú títì.

Ọ̀rọ̀ ọrùn tó ń mì yàtọ̀ o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí ọrùn bá ti mì, bóótì òkè yẹn ni wọ́n á máa fún. Asán ni! Ọwọ́ nìkan ni bóótì yẹn ń dì mú. Bọ́ọ̀lù irin wínníwínní tó wà nínú gírísì, lókè àti nísàlẹ̀, ló ń jẹ́ kí ọrùn yí. Ìdérí kan ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ló sì ti ìdérí náà pa. Ẹ fún bíréèkì iwájú, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ kò-kò-kò lọ́rùn, ó ti dẹ̀ nìyẹn. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe á tú nọ́ọ̀tì, á fi ọwọ́ lásán yí ìdérí wọlé títí mímì á fi dá, á dá a padà bín-ín-tín, á sì ti nọ́ọ̀tì pa. Bó bá le jù, ọwọ́ ò ní yí geere. Bó bá sì dẹ̀ jù, gbogbo gegele ọ̀nà ni bọ́ọ̀lù á fi máa gún ibùjókòó rẹ̀ títí á fi di kòtò, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kì í sì í ṣe nọ́ọ̀tì èyíkéyìí ló lè wọ̀ ọ́. Ìlà tí nọ́ọ̀tì fi ń yí wọ ọ̀pá, 26 ló wà nínú íǹṣì kan lọ́rùn Raleigh, 24 ni ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá fi agídí wọ̀ ọ́, á ba méjèèjì jẹ́. Irú ìmọ̀ báyìí, ìka ọwọ́ ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ má pe èyí ní iṣẹ́ kékeré. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì, a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín lọ́rì ní ọ̀nà mọ́tò Agége ní àkókò náà, bí ọrùn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ṣe ségesège, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́.

Lónìí, bí ẹ bá pe kẹ̀kẹ́ ní Agége, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní Márúwá ló ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Síbẹ̀, ológeere kò tíì tán lóde. Mo sì ń wí i pé bí a bá tún fẹ́ kọ ìtàn Ìkẹjà, kí a má fi mọ sí ẹni tó kọ́ ilé iṣẹ́. Ẹni tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú sípánà, tí kò jẹ́ kí ọrùn mì, òun náà wà lára àwọn tó kọ́ ọ.