Ọjọ́ a Bá Kú Là Ń Dère: Ìdárò àti Ìtàn Nínú Ìrántí Fálétí, Ìṣọ̀lá àti Bàbá Sàlá

Ìfáàrà

Láàárín oṣù 15 péré ni ikú mú mẹ́ta lọ nínú àwọn tí tèwe-tàgbà mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Adébáyọ̀ Fálétí papòdà ní ọjọ́ 23, oṣù Keje, ọdún 2017. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 2018. Nígbà tí ó di ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ọdún 2018 kan náà, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, jáde láyé. Èkíní jẹ́ akéwì, òǹkọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn. Èkejì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, òǹkọ̀wé àti olùkọ́ èdè. Ẹ̀kẹta jẹ́ aláwàdà. Ohùn kan náà ni a sì fi dárò wọn: àjànàkú sùn bí òkè, irú wọn kò sì ní í sí mọ́.

Yorùbá ní òwe kan tí ó bá irú àkókò bẹ́ẹ̀ mu: ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí kì í ṣe ẹ̀gàn sí òkú. Ìkìlọ̀ fún alààyè ni. Ère kì í sọ̀rọ̀, kì í jẹ gbèsè, kò sì ní ọ̀tá. Ẹni tí a bá ti sọ di ère, a kì í bi í ní ìbéèrè mọ́. Ibi tí ìdárò bá parí sí ni iṣẹ́ òpìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: kí ni àwọn mẹ́ta yìí fi sílẹ̀ gan-an? Báwo ni àwọn fúnra wọn ṣe rántí àwọn òkú tí ó ti ṣáájú wọn? Ṣé òtítọ́ ni pé irú wọn kò lè sí mọ́, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ló fà á?

Ìgbà tí ó bí wọn

Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó hù bí olú láìsí ilẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn tí ó lè ka Yorùbá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, èyí tí ó di NTA Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Lọ́wọ́ kan náà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri tí Hubert Ògúndé ti la ọ̀nà fún láti nǹkan bí ọdún 1945 ń pọ̀ sí i, títí tí wọ́n fi lé ní 100 ní nǹkan bí ọdún 1980.

Inú àyíká yìí ni Fálétí ti ṣiṣẹ́ ní WNTV, kí ó tó di ọ̀gá àgbà ní ilé iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Inú rẹ̀ ni Moses Ọláìyá ti kọ́kọ́ jẹ́ olórin háíláìfù. Ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yà sí eré, tẹlifíṣàn ni ó sọ Aláwàdà di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀. Inú rẹ̀ náà ni Ìṣọ̀lá, tí ó kọ́kọ́ gba oyè nínú èdè Faransé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti yí padà sí ìmọ̀ Yorùbá, tí ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé, ìdánwò ìwé mẹ́wàá àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ni ó mú kí Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969) ti Fálétí àti Ó Le Kú (1974) ti Ìṣọ̀lá rí òǹkàwé.

Ẹni tí ó ń dájọ́ òkú

Ohun kan tí ìdárò kì í sábà mẹ́nu bà ni pé Fálétí àti Ìṣọ̀lá fúnra wọn jẹ́ adájọ́ òkú. Nínú Baṣọ̀run Gáà (1972), Fálétí gbé ìtàn ìjòyè Ọ̀yọ́ tí ó jọba lórí àwọn ọba láti nǹkan bí 1754 títí di 1774 kalẹ̀, títí tí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ìdájọ́ tí Fálétí ṣe kì í ṣe tuntun. Àwọn Yorùbá ti ń pa á lówe tipẹ́ pé ẹni tí ó bá láyà kí ó ṣèkà, ṣùgbọ́n bí ó bá rántí ikú Gáà, kí ó sọ òótọ́. Ohun tí Fálétí ṣe ni pé ó gba ìdájọ́ tí ó wà lẹ́nu ará ìlú, ó sì fún un ní ara àti ohùn lórí ìtàgé.

Ti Ìṣọ̀lá yàtọ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó kọ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1970, sọ Ìyálóde Ìbàdàn di ìkà tí ó fi òfin de ẹrúbìnrin rẹ̀ kí wọ́n má bímọ, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ níkẹyìn. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ, ẹni tí ó gbé ní Ìbàdàn ní àkókò náà, kò bá eré yìí dọ́gba. Johnson kò fi ìwà líle obìnrin náà pamọ́, ó sì so ó mọ́ ikú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn ní 1874 jẹ́ ti ìṣèlú: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ó dé. Wọ́n yọ ọ́ lóyè, àwọn ẹrú tirẹ̀ ni ó sì pa á lọ́dún náà, pẹ̀lú ìmọ̀ ọmọ tí ó gbà tọ́. Bọ́láńlé Awẹ́ tún padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ọdún lẹ́yìn náà, ó sì fi hàn pé aláṣẹ tí ó ní ìwọ̀n tirẹ̀ nínú ìṣèlú Ìbàdàn ni Ẹfúnṣetán, kì í ṣe ìkà lásán.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Ìṣọ̀lá parọ́. Eré onítàn ní ẹ̀tọ́ láti yan ohun tí yóò fi ṣe ẹ̀kọ́, ìkórìíra ìfiniṣẹrú tí ó wà nínú eré náà sì jẹ́ òtítọ́ pàtàkì. Síbẹ̀, lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, Ẹfúnṣetán ti inú eré ni ó borí ti inú ìtàn. Aríjà kan tí ó wà láàárín ìyálóde àti Ààrẹ ti di ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin kan. Agbára tí ó wà nínú ìwé Ìṣọ̀lá ni èyí fi hàn. Ó sì jẹ́ ara ogún tí ó fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń yìn ín láìmẹ́nu bà á kò tíì wọn agbára rẹ̀ tán.

Ogún tí kò ní ìwé

Bí ogún Fálétí àti Ìṣọ̀lá ṣe wà nínú ìwé, ti Bàbá Sàlá wà lára Bàbá Sàlá. Aago ńlá tí ó so mọ́ra, ìgò ojú tí ó tóbi ju ojú lọ, ìrìn àti bí ó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn: ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣèré alárìnkiri kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Wọ́n á mọ ìlà ìtàn, wọ́n á sì máa hun ọ̀rọ̀ lórí ìtàgé bí òǹwòran bá ṣe ń dáhùn. Dúró Ládiípọ̀ kú ní 1978, ṣùgbọ́n Ọba Kò So ti wà ní títẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kà á lónìí. Ta ni yóò ka Bàbá Sàlá?

Fíìmù ni ì bá ti pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ní 1982, ó gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun sì ni olùdarí rẹ̀. Kí owó tí ó ná tó padà wọlé, àwọn olè ti da fíìmù náà sínú fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Gbèsè tí èyí dá sí i lọ́rùn kò tán bọ̀rọ̀. Síbẹ̀, fídíò tí wọ́n jí dà yìí kan náà ni ó gbé Bàbá Sàlá dé ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò wo fíìmù náà ní sinimá. Ohun tí ó ba òṣèré jẹ́ ni ó pa eré mọ́. Bí ìdárò bá sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn rẹ̀, ìtàn gbọ́dọ̀ fi kún un pé púpọ̀ nínú ìfẹ́ náà kò dé àpò rẹ̀.

Ṣé irú wọn kò ní í sí mọ́?

Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ní irú wọn kò ní í sí mọ́, bí ẹni pé ẹ̀bùn orí ni gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀bùn wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ètò ọrọ̀ ajé SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí owó náírà wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò lè ra fíìmù mọ́. Fídíò gba ipò, ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú sì dáwọ́ dúró. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ gidi ń dín kù, ọ̀rọ̀ tí Ìṣọ̀lá kò yé pariwo lé lórí nígbà ayé rẹ̀.

Ẹ̀rí kan wà pé ohun tí ó bá ní ìdí lè tún hù. Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú di fíìmù ní 1997. Ní 1999, Ìṣọ̀lá kọ Ṣaworoidẹ fún un, Fálétí sì kópa Ọ̀pálábá nínú rẹ̀. Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ lé e ní 2002. Ìtàn tí Fálétí kọ ni fíìmù Mágùn (2001) ti jáde. Ìwé, ilé ẹ̀kọ́ àti ìtàgé pàdé nínú iṣẹ́ wọ̀nyí nítorí pé ẹnìkan pè wọ́n jọ, ó sì ní ibi tí yóò ti ṣe é.

Ìgúnlẹ̀

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ní ti Fálétí àti Ìṣọ̀lá, ìtàn wà nílẹ̀: ìwé wọn ń bẹ, a sì lè yìn wọ́n, kí a sì bá wọn jiyàn. Ní ti Bàbá Sàlá àti àwọn ẹgbẹ́ tí ó lé ní 100 yẹn, àrọ́bá ni ó pọ̀ jù, àwọn tí ó sì lè pa á ń darúgbó. Àwọn òṣèré tí ó bá wọn rìn, àwọn onílù wọn àti àwọn tí ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà ni ẹ̀rí tí ó kù. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ nísinsìnyí ṣe pàtàkì ju ìdárò mìíràn lọ. Bí èyí kò bá wáyé, ère nìkan ni yóò kù, kò sì sí òpìtàn tí ó lè fi ọ̀rọ̀ wá ère lẹ́nu wò.